Orúkọ Igi Kọ́ Ló Ń Gbé Ọkọ̀ Léfòó

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi kékeré ní Yemẹtu, ní Ìbàdàn, kò ní rìnrìn àjò kó tó rí igi rà. Ọjà pákó Bódìjà wà nítòsí, pákó sì wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìbéèrè tí oníbàárà sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tajà ni pé, “Ṣé ìrókò ni?” Bí wọ́n bá ti ní ìrókò ni, ọkàn á balẹ̀, owó á jáde, pákó á gun ọkọ̀ akẹ́rù, ó di ilé. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò burú, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó, òun sì kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Apá wo lára igi ni pákó yìí ti wá? Báwo ni wọ́n ṣe là á? Ṣé ó ti gbẹ tó? Pákó tí a kò bi ní ìbéèrè mẹ́ta yìí lè jẹ́ ìrókò gidi kó sì dójú ti ẹni tó kàn án mọ́ ọkọ̀, nígbà tí igi tí kò lórúkọ, tí wọ́n yàn dáadáa tí wọ́n sì tọ́jú, á máa sin olówó rẹ̀ lọ.

Ìbàdàn jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí omi. Láti 1942 ni adágún Ẹlẹ́yẹlé ti wà lórí odò Ọ̀nà, ti Aṣéjíre náà wà lórí odò Ọ̀ṣun, àwọn apẹja sì ń fi ọkọ̀ onígi ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Ìmọ̀ igi pàápàá kò jìnnà sí wa. Jẹ́ríkò níhìn-ín ni ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí igbó àti igi wà, èyí tí wọ́n ń pè ní FRIN, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1954. Yunifásítì Ìbàdàn náà ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ igbó láti 1963. Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ yẹn sọ̀kalẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ń ra pákó mẹ́jọ láti fi kan ọkọ̀ ẹni méjì.

Kò sí irọ́ nínú orúkọ rere tí ìrókò ní. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́ dípò tíìkì tó wọ́n, orúkọ tí àwọn baba wa sì sọ ọ́ náà ni wọ́n fi ń tà á níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pẹ̀pẹ̀, ìdígbò àti abura: ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n, àwọn oníṣòwò igi ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí orúkọ rere yẹn dúró lé. Ẹran méjì ló wà lára igi kan ṣoṣo. Ìta rẹ̀ tó funfun ni igi fi ń fa omi gòkè láti inú ilẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Bí igi ṣe ń dàgbà, ti inú á dẹ́kun iṣẹ́ yẹn, igi á sì fi oríṣiríṣi ohun kíkorò dí i, èyí tí ikán, kòkòrò àti olú kò fẹ́ràn. Ohun kíkorò wọ̀nyẹn ló ń yí àwọ̀ inú igi padà, òun ló sì ń dáàbò bò ó. Ìrókò tí gbogbo ayé ń yìn ni inú rẹ̀ tó pọ́n tó dúdú. Ìta funfun rẹ̀ kò ní ààbò kankan, bí kò ti sí lára igi mìíràn lágbàáyé. Kòkòrò tó ń sọ igi di lẹ́búlẹ́bú á jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ti arère. Igi kékeré, tí inú rẹ̀ kò tíì gbòòrò, ni funfun rẹ̀ máa ń pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Nítorí náà, ẹni tó ra pákó ìrókò tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan funfun, tó sì kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láì gé funfun náà kúrò, orúkọ ìrókò ló rà níbi tí ó nílò ààbò ìrókò.

Ẹ̀rí tó tún lágbára ju èyí lọ wà ní ìlú Gánà. Ọkọ̀ ńláńlá tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń la ìgbì òkun kọjá, igi wawa ni wọ́n ti ń gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wawa yìí kan náà sì ni arère tí a mọ̀. Arère! Igi tí káfíńtà wa ń fi kan àpótí àti àjà ilé, tí kò lè bá ikán fa wàhálà rárá. Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e lọ sójú òkun? Ó fúyẹ́: mítà onígun mẹ́ta kan rẹ̀, bó bá gbẹ, wọn nǹkan bí kílò 380, nígbà tí ìrókò wọn nǹkan bí 650, tí ọ̀pẹ̀pẹ̀ sì tó 750. Ìdí rẹ̀ tóbi, ó gùn, ó sì rọ̀ láti gbẹ́. Àìlera rẹ̀ kò pamọ́ fún àwọn tó ń lò ó. Ìtọ́jú ni wọ́n fi ń dí i. Wọ́n ń fa ọkọ̀ gòkè sórí iyanrìn, wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń pààrọ̀ ibi tó bá bàjẹ́. Ní òdìkejì, igi kan wà tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ekki, tó wúwo ju omi lọ, tí àwọn ará Netherlands fi ń kọ́ ìlẹ̀kùn ojú omi àti òpó èbúté. Bí agbára igi nìkan bá ni à ń wá, ekki ni gbogbo èèyàn ì bá fi kan ọkọ̀. Àmọ́ ta ni á fa ọkọ̀ ekki gòkè kúrò nínú Ẹlẹ́yẹlé? Láàárín méjèèjì ni igi bí ọmọ̀ wà, tí àwọn agbẹ́gi fi ń gbẹ́ ìlù: ó fúyẹ́, inú rẹ̀ sì ń pẹ́. Ọ̀gànwó náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ ṣe àti ọwọ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ló yẹ kó yan igi, kì í ṣe òkìkí.

Kí á tó dé orí gbígbẹ, èrò kan wà tó yẹ ká kọ́kọ́ tú palẹ̀, pé omi ló ń jẹ igi. Ní 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe òde òní, ló bá kan igi líle nísàlẹ̀ ilẹ̀, ní nǹkan bíi mítà 5. Ọkọ̀ ni. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 8, ìdánwò sì fi hàn pé ọjọ́ orí rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún ọdún 8. Òun ni ọkọ̀ tó dàgbà jù tí wọ́n tíì rí nílẹ̀ Áfíríkà. Amọ̀ tútù ni ó sùn sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sì rà. Olú tó ń jẹ igi nílò omi, ṣùgbọ́n ó nílò afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Igi tó rì pátápátá sínú amọ̀ kò rí afẹ́fẹ́. Igi tó gbẹ lábẹ́ òrùlé kò rí omi. Olú kò lè gbé inú ọ̀kan nínú méjèèjì. Àárín ni ewu wà: ibi tí omi òjò dúró sí nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn egungun ọkọ̀ níbi tí pákó méjì ti lẹ̀ mọ́ra tí omi kò tètè gbẹ, etí ọkọ̀ tó ń rin tó sì ń gbẹ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mọ èyí á lu ihò kékeré sábẹ́ egungun ọkọ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ sí ojú kan, á sì da ọkọ̀ délẹ̀ nígbà tí kò bá lò ó. Iṣẹ́ kékeré yìí ń fi ọdún kún ọjọ́ ayé ọkọ̀ ju kí a fi owó kún owó pákó lọ.

Ó wá ku gbígbẹ, tí mo ka sí ọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀nà méjì ni omi gbà wà nínú igi tútù. Èkíní wà nínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí omi inú ife. Èkejì ti wọ ara ògiri ihò wọ̀nyẹn lọ. Bí igi bá bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ, ti inú ihò ló ń kọ́kọ́ jáde, igi á fúyẹ́ sí i ṣùgbọ́n kò ní súnkì. Nígbà tí omi tó kù bá tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ ni ti ara ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ibẹ̀ gan-an sì ni igi ti ń súnkì, tó ń lọ́, tó ń sán. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ọkọ̀. Bí pákó tó fẹ̀ ní ínṣì 12 bá súnkì ní ìdá 3 péré nínú 100, ó ti pàdánù ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ínṣì kan. Ẹni tó kan pákó tútù mọ́ra wọn tí ojú wọn pàdé réré yóò bá àlàfo láàárín wọn lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti wà lórí ilẹ̀, òwú àti ọ̀dà tí ó fi dí ojú ìpàdé yóò sì ti jábọ́. Ẹni tó lo pákó tó gbẹ níwọ̀nba yóò rí òdìkejì: bí ọkọ̀ bá wọ omi, pákó á wú díẹ̀, ojú ìpàdé á sì fún ara rẹ̀ pa. Omi tí à ń bẹ̀rù ló ń bá wa dí ihò.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé pákó ti gbẹ tó? Fífi ọwọ́ gbá a tàbí gbígbé e wò kò tó, nítorí pé ojú pákó lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ gé ègé tó tó ọṣẹ ìfọṣọ kan láti àárín pákó, kì í ṣe láti orí rẹ̀, torí orí ló ń yára gbẹ jù. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré bí èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú ààrò búrẹ́dì tí ooru rẹ̀ ti dínkù, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dínkù mọ́. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 260 nígbà tí ẹ gé e, tí ó wá dúró sí 200, omi tó jáde jẹ́ 60. Ẹ fi 200 pín 60, ẹ ó rí ìdá 30 nínú 100. Pákó yẹn kò tíì tó kàn. Ìdá 15 sí 18 ló dára fún ọkọ̀ tí a fẹ́ fi ìṣó kàn tí a ó sì fi òwú dí. Bí gọ́ọ̀mù alágbára bí epoxy ni a fẹ́ lò, kó sún mọ́ 12, nítorí pé gọ́ọ̀mù kì í di igi tútù mú.

Ní ti bí a ṣe ń to pákó jọ, ohun tó yẹ kí gbogbo onílé Yemẹtu mọ̀ ni pé kì í ṣe oòrùn ló ń gbẹ pákó dáadáa bí kò ṣe atẹ́gùn. Kí ẹ gbé pákó sókè lórí búlọ́ọ̀kù, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ kúrò nílẹ̀. Kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ wà láàárín ipele kan àti èkejì ní ẹsẹ̀ bàtà méjì méjì, kí àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì wà lórí ara wọn gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, ibẹ̀ ni pákó á ti tẹ̀. Kí páànù bò ó lókè, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kí ẹ kun orí pákó méjèèjì ní ọ̀dà tó nípọn kí omi má baà sáré jáde níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí òkúta wà lórí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní ilé wa há jù ní àdúgbò, òótọ́ ni, ilé fara ti ilé láti Yemẹtu títí dé Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n àyè tóóró tó wà láàárín ilé méjì, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, dára fún pákó ju gbàgede gbalasa tí oòrùn ń pa lọ.

Àkókò náà ní agbára tirẹ̀. Òjò Ìbàdàn sábà máa ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ọyẹ́ sì ń wọlé láti oṣù Kejìlá. Pákó tí a tò jọ nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ọyẹ́ tó dé. Èyí tí a gbé tútù sínú ọyẹ́ láìbò ó, ojú rẹ̀ á gbẹ kí inú rẹ̀ tó mọ̀, á sì sán. Àwọn káfíńtà àtijọ́ ní ilẹ̀ òtútù máa ń sọ pé ọdún kan ni ínṣì kan. Tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ arère á ti gbẹ tipẹ́ kí ọ̀pẹ̀pẹ̀ tó múra. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, ẹ má ka oṣù. Arère tún ní àléébù kan: bí ìtì rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láì là á, èbu aláwọ̀ búlúù á wọ inú rẹ̀. Kíá ni kí wọ́n là á, kíá ni kí wọ́n tò ó.

Bí wọ́n ṣe la pákó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ronú ọsàn tí a là. Pákó tó wá bí awẹ́ ọsàn, láti àárín sí ẹ̀yìn, ń súnkì ní ìbú tó nǹkan bí ìdajì èyí tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń bó èèpo nípọn. Bí ẹ bá wo orí pákó tí ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán, èkíní nìyẹn. Èyí tí ìlà rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè á lọ́ bí ó bá ń gbẹ. Ìkejì kò burú fún ìjókòó inú ọkọ̀, àmọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ fi èkíní sí. Ní ti ìṣó, ẹ lu ihò kí ẹ tó kàn án, ẹ má sì lo ìṣó irin lásán. Irin àti oje igi líle bí wọ́n bá pàdé nínú omi, igi tó yí ìṣó ká á dúdú, á rọ̀, ìṣó á sì máa yọ. Ìṣó tí wọ́n fi síǹkì bò tàbí ti bàbà ló yẹ.

Ẹnìkan lè ní ọkọ̀ tí àwọn baba wa gbẹ́ láti ara odidi igi, tútù ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, kò sì yọ wọ́n lẹ́nu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ojú ìpàdé kankan tó lè là. Bó bá súnkì, odidi rẹ̀ ló ń súnkì pọ̀. Wọ́n tún ń gbẹ́ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ kí ó lè gbẹ níwọ̀n kan náà, lábẹ́ ibòji. Ìtọ́jú náà ni, ọ̀nà rẹ̀ ló yàtọ̀. Ọkọ̀ alápákó wá ní ojú ìpàdé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, a kò sì lè fi òfin ti ọkọ̀ odidi igi ṣe é. Àwọn mìíràn á ní àwọn á fi ọ́ìlì tí mẹkáníìkì ti dà nù kun ún, pé ikán kò ní sún mọ́ ọn. Ojú pákó nìkan ni ọ́ìlì yẹn ń gbé. Kì í wọ inú igi líle, kì í jẹ́ kí ọ̀dà tàbí gọ́ọ̀mù di igi mú mọ́, inú omi tí a ti ń pẹja tí a fẹ́ jẹ ló sì ń ṣàn sí nígbẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ràn adágún Ẹlẹ́yẹlé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti àwọn tó ní àpọ̀jù èrò àti àìwọ aṣọ ìléfòó ló ń pa èèyàn lórí omi, pé pákó kọ́. Ní oṣù Kẹfà 2023, ó lé ní 100 èèyàn tó kú lágbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó kọlu ìtì igi nínú omi tó sì là. Èrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo gbà pé kò sí igi tó lè gba àpọ̀jù èrò sílẹ̀, kò sì sí ìtọ́jú pákó tó lè dípò aṣọ ìléfòó. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí olú ti jẹ lábẹ́nú kò ní agbára kankan tó ṣẹ́kù nígbà tí nǹkan bá kọlù ú, a kì í sì í fi ojú rí i láti òde. Ìdí nìyí tí mo fi ka yíyàn àti gbígbẹ pákó sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Omi tí ọkọ̀ fẹ́ wọ̀ náà ń yí ìpinnu padà. Nínú ọ̀sà Èkó àti ní etíkun Ìlàjẹ, níbi tí omi òkun ti ń wọlé, ẹ̀dá kan wà tó dà bí ekòló, tó jẹ́ ìbátan ìgbín, tó ń lu pákó láti inú títí á fi dà bí afárá oyin. Ibẹ̀ ni inú ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ekki ti tọ́ sí owó wọn, ibẹ̀ náà ni jíjó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níná díẹ̀ ti wúlò. Kò sí ẹ̀dá yìí nínú omi aládùn bí Ẹlẹ́yẹlé àti Aṣéjíre. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ fún adágún Ìbàdàn, tó ń gbówó ìrókò kalẹ̀ nítorí ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Èkó, ń sanwó fún ààbò lọ́wọ́ ọ̀tá tí kò ní. Igbó wa kò sì lè máa pèsè àwọn igi ńlá yìí títí ayé. Ní 2022, ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè fi igi ọ̀gànwó àti igi apá ti ilẹ̀ Áfíríkà sí abẹ́ àkóso òwò àgbáyé nítorí bí wọ́n ṣe ń dínkù. Bí ọmọ̀ tí a yàn dáadáa bá lè ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí ìrókò tó kù dàgbà.

Bí ẹ bá ń lọ sí Bódìjà nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ mú ọ̀bẹ kékeré dání kí ẹ fi há ẹ̀gbẹ́ pákó wò bóyá funfun wà níbẹ̀, kí ẹ sì ra ẹyọ kan lé ní iye tí ẹ nílò, torí ọ̀kan lè sán. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ tò wọ́n jọ sára páànù tó bò wọ́n. Ẹ má sì kan ìṣó kankan kí òṣùwọ̀n tó sọ pé ó tó.